Tasi Hangbé: Ìbejì Ọba tí Wọ́n Yọ Orúkọ Rẹ̀ Kúrò

Ẹni tí ó bá ti dé Kútọ̀nù láti ọdún 2022 wá yóò ti rí ère obìnrin jagunjagun ńlá kan tí ó dúró nítòsí etí òkun. Gíga rẹ̀ tó mítà 30. Ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2022 ni ìjọba ṣí i, ọjọ́ kan náà tí wọ́n ṣí ère Bio Guera, akọni ilẹ̀ Borgou wa. Gbogbo àwọn obìnrin ológun Dàhòmì lápapọ̀ ni ère náà dúró fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Àgbómẹ̀ bá ń sọ bí ẹgbẹ́ ológun obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀, orúkọ kan wà tí kì í pẹ́ kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀: Tasi Hangbé.

Obìnrin yìí jókòó sórí ìtẹ́ Àgbómẹ̀. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá ka orúkọ àwọn ọba méjìlá tí ààfin Àgbómẹ̀ ń kà láti Gangnihessou títí dé Agoli-Agbo, kò ní bá orúkọ Hangbé pàdé. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ni ó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó sì gba ìtẹ́ ni ó ń sọ bí wọn yóò ṣe máa ka ìtàn ilé. Ìgbà ọdún ni gbogbo ọmọ ilé máa ń padà wálé, ìgbà ọdún náà ni wọ́n máa ń ki oríkì àwọn tó ti lọ. Nítorí náà, ibí ni ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ìtàn ẹni tí ilé tirẹ̀ kọ̀ láti kì.

ILÉ TÍ WỌ́N BÍ I SÍ

Bàbá Hangbé ni Houegbadja, ọba tí ó fi ìpìlẹ̀ ìjọba Àgbómẹ̀ múlẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1645 ni wọ́n sọ pé ó gorí ìtẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1685. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni Adonon. Adonon yìí bí ìbejì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ọkùnrin ni Akaba, obìnrin ni Hangbé. Lẹ́yìn ìbejì, ó tún bí ọmọkùnrin mìíràn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dosu. Dosu lédè Fọ̀n ni Ìdòwú lédè tiwa, ìyẹn ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì. Dosu yìí ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí ọba Agaja nígbẹ̀yìn.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ilé báyìí fún un. Ó mọ Táíwò, ó mọ Kẹ́yìndé, ó sì mọ Ìdòwú. Ó mọ̀ pé àwọn ìbejì ni àlejò máa ń kọ́kọ́ béèrè, àwọn ni wọ́n ń bọ, àwọn ni wọ́n ń jó fún lọ́jà. Ìdòwú á dé, á bá àyè tí ó ti kún. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé olóríkunkun ni Ìdòwú, pé ohun tí kò bá tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó máa ń fi ipá wá a. Àwọn Fọ̀n náà ní irú èrò yìí nípa Dosu. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó wà lára ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmú kan náà ni wọ́n mu, ṣùgbọ́n ipò wọn nínú ilé kò dọ́gba láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn.

Òfin kan tún wà nípa ìbejì tí ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí. Ní ilẹ̀ Fọ̀n gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí wọ́n bá ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Bí wọ́n bá ra aṣọ fún ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ fún èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, inú á bí ẹni tí wọn kò fún, ibi á sì wọlé. Àwọn ará ilé Hangbé sọ pé nítorí òfin yìí, ọjọ́ tí wọ́n fi Akaba jọba ni wọ́n ṣe ètùtù ìjòkòó fún Hangbé pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ó ti ní ẹ̀tọ́ sí ìtẹ́ kí arákùnrin rẹ̀ tó kú. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn Agaja kò gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé, ìdí tí wọn kò sì fi gbà á kò ṣòro láti rí.

ÌJỌBA AKABA

Akaba kò gorí ìtẹ́ ní kékeré. Bàbá rẹ̀ pẹ́ láyé, ọmọ sì ti dàgbà kí àyè tó ṣí sílẹ̀. Àmì ọ̀gà ni wọ́n fi mọ Akaba láàrin àwọn ọba Àgbómẹ̀, nítorí ọ̀gà kì í sáré, bí ó ti wù kí igi ga tó, ẹ̀sọ̀ ni ó fi ń gùn ún títí á fi dé òkè. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Benin mọ̀ nípa orúkọ Dàhòmì wá láti ìgbà yìí. Wọ́n sọ pé olóyè kan tí ó ń jẹ́ Dan bínú nítorí bí àwọn ọmọ Houegbadja ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, pé wọ́n pa á, wọ́n sì kọ́ ààfin lé inú rẹ̀. Àwọn kan fi ìtàn náà sọrí bàbá Akaba tàbí bàbá bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Akaba ni ọ̀pọ̀ ẹnu ń tọ́ka sí.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Hangbé wà nínú ààfin gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọba obìnrin. Ọmọ ọba obìnrin ní Àgbómẹ̀ kò dà bí obìnrin ìlú. Ó lómìnira láti yan ọkùnrin tí ó bá wù ú, ọkọ rẹ̀ kò sì lè máa pàṣẹ fún un. Ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ nínú ìdílé. Tasi tí wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí arábìnrin bàbá ẹni. Ní ilé Fọ̀n títí di òní, arábìnrin bàbá ni ó ń mú nǹkan dúró níbi òkú, níbi ìgbéyàwó àti níbi ètùtù. Oyè tí ọmọ ń pe àǹtí rẹ̀ ni gbogbo ìlú fi ń pe Hangbé, nítorí ọmọ kan tí ó dúró tì ni ó sọ ọ́ di olókìkí.

IKÚ TÍ WỌ́N FI PAMỌ́

Ní ìparí ìjọba rẹ̀, Akaba ń bá àwọn ará Wẹ́mẹ̀ jagun ní àfonífojì odò Ouémé. Olórí àwọn ọ̀tá náà ni Yahassé Kpolou. Ogun náà le. Ibẹ̀ ni Akaba ti kú lójijì. Àwọn kan sọ pé ojú ìjà ni ó kú sí, ọ̀pọ̀ sì sọ pé ilẹ̀ẹ́gbóná ni ó pa á. Kò sí ẹni tí kò mọ bí ikú ilẹ̀ẹ́gbóná ti rí láyé àtijọ́. Wọn kì í ké, wọn kì í lu ìlù, wọn kì í sọ pé ó kú. Àwọn àwòrò ni ó ń gbé òkú náà lọ, ará ilé a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó pa ọmọ wọn. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́gbóná lóòótọ́, ikú ọba yẹn ti jẹ́ ohun àṣírí kí ogun tó dá sí i.

Ṣùgbọ́n ogun wà níwájú. Bí àwọn ọmọ ogun bá gbọ́ pé ọba ti wàjà, wọ́n á túká. Bí ọ̀tá bá gbọ́, wọ́n á tẹ̀lé wọn wọ Àgbómẹ̀. Ọmọ tí ó yẹ kí ó jọba, Agbo Sassa ọmọ Akaba, kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Níbẹ̀ ni Hangbé ti ṣe ohun tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ìtàn. Ó wọ aṣọ arákùnrin rẹ̀, ó gbé ohun ìjà rẹ̀, ó sì bọ́ síwájú àwọn ọmọ ogun. Ìbejì ni wọ́n, ojú wọn jọra. Àwọn ọmọ ogun rò pé ọba ni wọ́n ń tẹ̀lé. Wọ́n jà, wọ́n ṣẹ́gun, Yahassé Kpolou sì bá ogun náà lọ.

Ó yẹ kí ènìyàn ro ohun tí ọjọ́ yẹn jẹ́ fún un. Ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ikùn kan kú, kò sì gbọdọ̀ sunkún. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n a gbẹ́ ère kékeré fún un, wọ́n a máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n a máa wọṣọ fún un, wọ́n a máa fún un lóúnjẹ, kí ẹni tí ó kù má baà tẹ̀lé e lọ. Àwọn Fọ̀n náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Hangbé kò ní àyè láti gbẹ́ ère. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ère arákùnrin rẹ̀.

Àwọn tí ó mọ̀ nínú ilé kò pọ̀, Dosu sì wà lára ilé. Àṣírí tí ó gba ìlú là ni. Ṣùgbọ́n àṣírí yòówù tí ó bá wà láàrin ọmọ ìyá mẹ́ta, bí ọ̀kan bá ti kú, àwọn méjì tí ó kù ni ó mọ̀ ọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì lè lò ó fún ara rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá wù ú.

ỌDÚN TÍ OBÌNRIN FI JỌBA

Lẹ́yìn ogun, ọ̀rọ̀ náà kò lè bò mọ́. Akaba ti lọ, ọmọ rẹ̀ kéré. Hangbé dúró gẹ́gẹ́ bí adelé, ó sì ń ṣe ìjọba. Àwọn kan ka ọdún rẹ̀ sí 1708 títí dé 1711, àwọn mìíràn sọ pé 1716 títí dé 1718 ni. Ọ̀nà méjèèjì kò fún un ju nǹkan bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ìdí tí ọdún náà fi ń já lu ara wọn ni pé ààfin kò fún un láyè kankan nínú ìṣirò. Ìwé àtijọ́ kan á sọ pé Akaba kú ní 1708, pé Agaja sì jọba ní 1708 kan náà, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni láàrin wọn.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu so ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ológun mọ́ ìjọba yìí. Wọ́n sọ pé nígbà tí Hangbé bọ́ sójú ogun, ó kó àwọn obìnrin jọ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Àwọn kan sọ pé ìgbà Agaja ni obìnrin kọ́kọ́ hàn lójú ogun, gbogbo wọn sì gbà pé Ghezo, tí ó jọba láti 1818 títí dé 1858, ni ó sọ ẹgbẹ́ náà di ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ìlú Àgbómẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orúkọ Hangbé lẹ́nu wọn nípa ọ̀rọ̀ náà.

Ètò rẹ̀ kò fara sin. Agbo Sassa ni ọmọ ọba, òun ni ó ni ìtẹ́, àǹtí rẹ̀ ń bá a dì í mú títí yóò fi tó ọkùnrin. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìlà Akaba ni ì bá máa jọba títí, ìlà Dosu á sì di ìlà àwọn ọmọ ọba lásán.

NÍGBÀ TÍ ÌDÒWÚ DÌDE

Dosu kò gbà. Kò ṣòro láti mọ ohun tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ. Ìlú tí ọ̀tá yí ká nílò ọkùnrin tí ó dàgbà, ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè ṣáájú ogun. Obìnrin kì í jọba ní Àgbómẹ̀. Àti pé aṣọ Akaba ni ó wọ̀, kì í ṣe aṣọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ olóògbé láti tan ọ̀tá jẹ kò lè sọ pé wọ́n ti fi òun jọba. Níbí ni àṣírí àkọ́kọ́ ti yí padà di ẹ̀sùn. Ohun tí wọ́n yìn ín fún lójú ogun ni wọ́n wá fi bú u nínú ilé.

Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Wọ́n sọ pé ó ń gbé ìgbésí ayé ìgbádùn, pé ọkùnrin pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ó ń ná owó ìlú nínàákúnàá. Ẹ rántí pé ọmọ ọba obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí ó bá fẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọba ni wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí ó di olórí. Lónìí, ẹnikẹ́ni kò lè sọ iye tí ó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀, nítorí àwọn tí ó borí ni ó sọ ọ́.

Ìjà náà kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀jẹ̀ lọ. Wọ́n pa ọmọ Hangbé, ọmọ bíbí inú rẹ̀. Nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtẹ́ tán lọ́kàn rẹ̀. Ìtàn Àgbómẹ̀ sọ pé ó jáde síwájú àwọn ìjòyè nínú aṣọ oyè rẹ̀, ó bú wọn fún ohun tí wọ́n ṣe, ó bọ́ra sílẹ̀ níṣojú wọn, ó sì fi omi wẹ ibi tí ìyá ti ń bímọ. Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí kò nílò ìtumọ̀. Bí ìyá àgbà bá bọ́ra sí ìhòòhò láàrin ìlú, ègún ni, kò sì sí ohun tí ó le tó o. Wọ́n sọ pé ó kìlọ̀ fún wọn pé ìyà ń bọ̀ wá sórí Dàhòmì, pé àwọn aláwọ̀ funfun ni yóò wá ṣẹ́gun ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó fi ìtẹ́ sílẹ̀. Agbo Sassa kò jókòó sórí ìtẹ́ bàbá rẹ̀ láéláé. Dosu di Agaja.

Ìyá wọn ńkọ́? Orúkọ Adonon wà nínú ìtàn ààfin gẹ́gẹ́ bí Kpojito, ìyá ọba, ní ìgbà Agaja. Ohun tí ó wà lọ́kàn ìyá tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tí èkejì sì wà nínú ìtìjú, kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

ÌTẸ́ TÍ AGAJA JÓKÒÓ LÉ

Kò ní dára kí wọ́n sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Agaja jẹ́ ènìyàn lásán. Ọba ńlá ni. Ó gba Allada ní 1724, ó gba Ouidah ní 1727, ó sì jẹ́ ọba Àgbómẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kan òkun. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó fi jẹ́ àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà rẹ̀ náà ni ìdààmú láti ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá dé. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ Dàhòmì, wọ́n sì tún padà wá léraléra. Àwọn ará Àgbómẹ̀ tí kò ní ẹṣin kò lè dúró dè wọ́n ní gbangba; wọ́n a sá wọ inú igbó títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́ṣin á padà lọ. Ní 1730, wọ́n ṣe àdéhùn: Dàhòmì gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni ìṣákọ́lẹ̀ náà wà lọ́rùn wọn kí Ghezo tó kọ̀ ọ́.

Agaja kú ní 1740. Ọmọ rẹ̀ Tegbessou, tí ìtàn sọ pé ó ti gbé ní Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni ìdógò nígbà èwe rẹ̀, ni ó jọba. Kí ó tó jókòó, òun náà ní láti bá àwọn arákùnrin rẹ̀ jà. Ọ̀nà tí bàbá là ni ọmọ tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń tẹ̀síwájú nínú ilé yẹn. Ní 1797, wọ́n pa Agonglo, ọmọ rẹ̀ Adandozan jọba. Ní 1818, Ghezo, ọmọ Agonglo bákan náà, lé Adandozan kúrò, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ nínú orúkọ àwọn ọba gẹ́gẹ́ bí Agaja ti yọ orúkọ Hangbé. Wọ́n ti rí i pé ó ṣeé ṣe.

Ọjọ́ tí Hangbé sọ tẹ́lẹ̀ dé nígbẹ̀yìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀, lẹ́yìn tí Béhanzin ti fi iná sí ààfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1894, wọ́n fi arákùnrin Béhanzin jọba ní orúkọ Agoli-Agbo, wọ́n sì kó Béhanzin lọ sí Martinique. Agoli-Agbo náà kò pẹ́ níbẹ̀: ní 1900, wọ́n lé e lọ sí Gabon. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ó padà ní 1910, kì í ṣe Àgbómẹ̀ ni wọ́n ní kí ó máa gbé, agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ ni, lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wa níbí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni ìkẹyìn nínú àwọn ọba méjìlá ṣe gbé láàrin àwọn Yorùbá tí àwọn bàbá rẹ̀ ti kó lẹ́rú.

ILÉ TÍ Ó PA ORÚKỌ NÁÀ MỌ́

Wọ́n yọ orúkọ Hangbé kúrò nínú ohun tí ààfin ń kà, ṣùgbọ́n wọn kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ilé rẹ̀. Ní Àgbómẹ̀, nítòsí ààfin, agbo-ilé kan wà tí ó jẹ́ ti ìdílé Hangbé. Láti ìran dé ìran, obìnrin kan máa ń wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ oyè Hangbé. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n a fi òmíràn sípò rẹ̀. Orúkọ kan náà ni, ìjókòó kan náà ni, àwọn ènìyàn a sì máa wá kí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣì wà láàyè. Nǹkan bí 300 ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Àjọ UNESCO kọ ààfin Àgbómẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun ìní àgbáyé ní 1985. Agbo-ilé yìí kò dúró de ìwé kankan kí ó tó máa rántí.

Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ ìtàn gbọ́ nípa rẹ̀. Ká ní àwọn ọmọ ilé yẹn ti dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù ọba ni, kò ní sí ẹni tí ó mọ̀ lónìí pé obìnrin ti jókòó sórí ìtẹ́ yẹn rí.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ TIWA

Ìtàn Hangbé kì í ṣe ti àwọn Fọ̀n nìkan. Kò sí abúlé kankan láti Kika títí dé Tchaourou, láti ibí títí wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré. Bàbá á kú, ọmọ kan á mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, kò ní sọ. Ẹ̀gbọ́n á dúró fún ọmọ òkú, àbúrò á sọ pé ó fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Ìdílé méjì á máa du oyè kan, àwọn tí ó borí á sì sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ìdílé kejì kò jẹ oyè náà rí. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, irọ́ á ti di ìtàn, mẹ́à àti àwọn aláṣẹ kòmúùnù á sì wá jókòó láti yanjú ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun mẹ́ta ni ó ṣeé mú níbẹ̀. Èkínní, àṣírí tí wọ́n fi pamọ́ nítorí ewu gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọn yóò tú u. Hangbé kò ṣe búburú nígbà tí ó pa ikú arákùnrin rẹ̀ mọ́. Ìlú ni ó fi gbà là. Ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé ìdílé tí ó jókòó lẹ́yìn ogun láti sọ òótọ́ náà jáde kí gbogbo ọmọ Houegbadja fọwọ́ sí ẹni tí yóò dúró àti ọjọ́ tí yóò kúrò. Ohun tí wọn kò sọ ní gbangba ni Dosu rí ọ̀nà gbà wọlé.

Èkejì, ẹni tí ó bá ń dúró fún ọmọ òkú nílò ẹlẹ́rìí. Ìfẹ́ nìkan kò tó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò ní ju àǹtí kan ṣoṣo lẹ́yìn yóò pàdánù ohun bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí agbára àǹtí náà bá tán. Àwọn àgbà ilé, olórí abúlé, àwọn tí ìjọba fi sípò, gbogbo wọn ni ó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó borí má ṣe pa orúkọ ẹni tí ó pàdánù rẹ́. Agaja ì bá jọba kí ó sì jẹ́ kí wọ́n máa ka Hangbé ṣáájú rẹ̀. Kò ní dín ogo rẹ̀ kù: ìwé gbogbo ló ń sọ nípa Allada àti Ouidah. Àbùkù tí ó wà lára orúkọ rẹ̀ lónìí, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi síbẹ̀.

Bí ẹ bá ń ki oríkì nígbà ọdún yìí, bí ẹ bá dé orí àwọn bàbá, ẹ má fò àwọn ìyá dá. Bí ẹ bá mọ orúkọ kan nínú ìdílé yín tí wọn kì í dárúkọ mọ́ nítorí ìjà àtijọ́, ọjọ́ tí ẹran wà nílẹ̀ tí ìlù ń dún ni ọjọ́ tí ó rọrùn jù láti dá a padà. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́.

Ọdún á yabo. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ikú dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọmọ ìyá ní Kika.